Aago Kékeré Ọwọ́ Bàbá Láídé

Ẹ dákun, kí ni ọkùnrin tí kò so aago mọ́wọ́ rí fẹ́ fi aago ṣe? Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọkọ mi, Bàbá Láídé, ti ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ aṣọ n'Íkẹjà. Fèrè iléeṣẹ́ ló ń pè wọ́n wọlé, fèrè náà ló ń tú wọn sílẹ̀. Ó wá di àsìkò Sáàpù, tí ìjọba ní ká fún ìgbànú mọ́ra, tí gbogbo wa ń jẹ gàrí tọ̀sán-tòru, ó gbé aago ọwọ́ wọlé.

Ó tún wá kéré! Ojú ẹ̀ ò ju kọ́bọ̀ kan lọ.

Mo ní, "Bàbá Láídé, aago obìnrin lẹ rà yìí."

"Ti Súwísì ni, àwọn tàtijọ́. Akínfẹ́nwá tó ń tún aago ṣe ní Dópẹ́mú ló tà á fún mi. Tọkùnrin tobìnrin ló ń lò ó."

Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n." Irọ́ ni. Obìnrin kan wà níbì kan.

Mo gba Dópẹ́mú lọ. Akínfẹ́nwá ní, "Ìyá Láídé, ẹ má bínú, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n so ó mọ́. Ohun tí wọ́n ń bi mí ò ju pé ṣé kì í sáré, ṣé kì í falẹ̀." Mo pòṣé. Àwọn ọkùnrin, ara wọn ni wọ́n máa ń bò láṣìírí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bó ṣe wọ balùwẹ̀, mo so aago náà mọ́ ọwọ́ mi, mo fi apá bùbá bò ó. Ó bá mi mu gẹ́lẹ́. Háà! Ọwọ́ onítọ̀hún náà tínrín nìyẹn. Orí mi gbóná. Nígbà tó jáde ní balùwẹ̀, ó wá aago títí, ó gbé ìrọ̀rí, ó tú àpò aṣọ, jìnnìjìnnì mú un. Mo kàn ń wò ó. Ó jáde láìrí i, mo ní lọ́kàn mi pé kó lọ bá obìnrin ẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

Ojú ọjọ́ ṣú lọ́jọ́ náà, oòrùn ò yọ rárá. Mo jókòó ti búrẹ́dì tí mò ń tà níwájú ilé, Bàbá Láídé bá yọ. Ó ní, "Àdùkẹ́, iṣẹ́ tòní mà le o." Mùíbì, ará ilé wa tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kò tíì dé.

Mo na ọwọ́ aago sókè. "Aago méjì ọ̀sán! Fèrè wo ló tú yín sílẹ̀? Ilé ta lẹ ti ń bọ̀?"

Ó wo aago, ó wojú ọ̀run, ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi bí ẹni tó rẹ̀.

"Wọ́n ti dá mi dúró níṣẹ́ látoṣù tó kọjá. Tésàn rélùwéè ni mo máa ń lọ jókòó sí. Mi ò lè gbọ́ fèrè níbẹ̀, ìdí tí mo fi ra aago nìyẹn, kí n lè máa wọlé lásìkò tí Mùíbì ń wọlé. Mo rò pé ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ ni."

Àánú ẹ̀ ṣe mí, inú sì tún bí mi, mo ké mọ́ ọn. "Èmi ìyàwó yín, ẹ ẹ̀ sọ fún mi! Ta lẹ ń sá fún?"

"Ìwọ ni. Nígbà tí wọ́n dá Olúgbénró ilé kejì dúró, o dúró sójúde níbí, o pè é ní ọkùnrin yẹpẹrẹ lójú ìyàwó ẹ̀. Mo wà nínú yàrá, Àdùkẹ́. Gbogbo ẹ̀ ni mo gbọ́."