Ẹja Tó Ti Gbé Ilé Mẹ́ta

Ilé ọmọ mi obìnrin ni mo wà báyìí, ní Arizona, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ bí àkàrà àná. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti kúrò ní ìlú Sheboygan, síbẹ̀ tí mo bá di ojú, òórùn ṣọ́ọ̀bù Delbert ṣì ń wá sí mi nímú: iyọ̀, ewé inú omi, àti edé dídì tó ń yọ́ nínú abọ́. Mo fẹ́ràn òórùn yẹn nígbà kan. Nísinsìnyí, tó bá ti dé, itọ́ a máa kún ẹnu mi bíi ti ẹni tó fẹ́ bì.

Delbert Kuhlmann ló ni ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mò ń bá a tajà. Ẹja òkun là ń tà, àti iyùn ààyè tí àwọn èèyàn ń tọ́jú nínú àpótí gíláàsì nílé wọn. Òkun jìnnà sí wa púpọ̀. Inú garawa la ti ń pò ó, pẹ̀lú iyọ̀ àti orógùn. Bóyá torí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá Hesselink jẹ́ oníbàárà wa àtijọ́. Ardith lorúkọ rẹ̀. Ó ti se oúnjẹ fún ọmọ ilé ìwé títí ó fi fẹ̀yìntì. Harlan ọkọ rẹ̀ ló ni ẹja gan-an. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kan àga ni Harlan ti ṣiṣẹ́ kí àrùn rọlápárọlẹ́sẹ̀ tó gbé e dè, tó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, wọ́n gbé àpótí gíláàsì rẹ̀ tẹ̀ lé e, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ sí pálọ̀ gbogbogbòò. Omi inú rẹ̀ kò ju garawa mẹ́rin lọ. Ẹja méjì ló wà níbẹ̀, akọ àti abo, pupa bí ọsàn tó pọ́n, onílà funfun mẹ́ta-mẹ́ta. Ọdún kẹrìnlá wọn rèé lọ́wọ́ Harlan.

Ohun kan ṣoṣo tí Harlan ń torí rẹ̀ dìde lórí ibùsùn ni ẹja méjèèjì yìí. Láàárọ̀, á di irin ìtìlẹ́yìn tó fi ń rìn mú, á rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn yẹn já, á jókòó níwájú omi. Dókítà sì ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọjọ́ tí kò bá rìn mọ́, ẹsẹ̀ yẹn tán nìyẹn, òun náà kò sì ní pẹ́ tẹ̀ lé e.

Ìyá wá ṣàkíyèsí pé bí Harlan bá ti jókòó, á máa nàka sí ihò kan lẹ́yìn òkúta, níbi tí nǹkan kan kò sí.

"Merle," ó wí fún mi, "ó fẹ́ kí nǹkan wà níbẹ̀. Wá ẹja kan fún mi tí kò ní bá àwọn méjì yẹn jà."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi yan ẹja yìí. Ìyá á gbé ìwé kékeré rẹ̀ wá, á máa nàka láti àpótí dé àpótí.

"Èyí aláwọ̀ aró yìí ńkọ́? Ó mà kéré."

"Kékeré ni lóòótọ́, Màmá. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan sí i, òun ni yóò di onílé, àwọn méjèèjì á di ayálégbé."

"Àbúrò ọkọ mi nìyẹn. Èyí tó fẹ̀ bí àwo ńkọ́?"

"Ìyẹn fẹ́ pápá tó lè sá lé. Garawa mẹ́rin lomi yín."

"Èyí tí ara rẹ̀ dà bí aṣọ ìbora alábùlẹ̀?"

"Ebi ni yóò pa á. Kòkòrò tín-ín-tín ara òkúta nìkan ló ń jẹ. Kó tó di oṣù kan, á ti jẹ ti inú omi yín tán."

Ó pa ìwé rẹ̀ dé. "Ìwọ ni ǹ bá kọ́kọ́ bi léèrè kí n tó lọ́kọ."

Níkẹyìn a fẹnu kò sórí èyí tí gbogbo wa ń pè ní ọmọọba. Kò gùn ju ìka lọ. Láti orí dé ìdajì ara rẹ̀, àwọ̀ àlùkò ni. Láti ibẹ̀ dé ìrù, ó pọ́n bí pupa inú ẹyin adìyẹ. Onísùúrù ni, inú ihò ló sì ń gbé. Bí ẹni pé wọ́n dá a fún ihò Harlan. Kò sí i nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo ní kí Ìyá máa retí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ ẹja mìíràn báyìí. Ó jọ ọmọọba, àlùkò níwájú, pípọ́n lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n tí o bá tẹjú mọ́ ọmọọba, àwọ̀ méjèèjì ń wọnú ara wọn ni, pẹ̀lú tótòtó níbi tí wọ́n ti pàdé, ó sì ní àmì dúdú kan lórí lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Èkejì kò ní àmì kankan. Ààlà àwọ̀ rẹ̀ gún gbọọrọ bí ibi tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé. Ayédèrú là ń pè é, ó sì burú débi pé á lé ẹja tó tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ títí tí yóò fi kú.

Ọ̀kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, nínú ike kan tó dá wà. Ó ti gbé ilé mẹ́ta. Oníṣègùn eyín kan ló kọ́kọ́ rà á. Ó dá a padà lẹ́yìn tí ó pa méjì nínú àwọn ẹja rẹ̀. Olùkọ́ kan rà á, ó dá a padà. Ẹnìkẹta kò tiẹ̀ dúró gba òmíràn, ó gbé ike kalẹ̀ lórí káńtà, ó jáde. Bí a ṣe ń ṣe é nílùú wa nìyẹn: ẹni tí ẹja rẹ̀ bá ya ìpátá á gbé e padà wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á fún un ní òmíràn dípò rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí èyí tó dá padà gbà lọ.

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì kan, mo ti oúnjẹ ọ̀sán dé, mo bá Ìyá Hesselink lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé báàgì ọ̀rá lọ́wọ́, omi wà nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọdé.

"Merle, ọmọọba ti dé. Ọ̀gá rẹ fi í pamọ́ dè mí."

Mo wo inú ọ̀rá. Ààlà àwọ̀ yẹn gún gbọọrọ. Mo gbójú sókè, Delbert wà lẹ́yìn káńtà, ó ń wò mí, ó ṣẹ́jú kan sí mi, ó sì ń fi aṣọ nu ọwọ́.

Ní ìlú wa, èèyàn kì í dójú ti ọ̀gá rẹ̀ níṣojú oníbàárà. Bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ korò, a ó sún un síwájú, a ó ní ó di ọ̀la. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Mo ṣílẹ̀kùn fún Ìyá, mo ní, "Ẹ rọra o, Màmá, yìnyín wà lórí àtẹ̀gùn." Ohun tí mo rí sọ nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a lọ jẹ ẹja díndín ní ilé ọtí, bí gbogbo ìlú ti máa ń ṣe ní Ọjọ́ Ẹtì. Òróró ń ṣàn lágbọ̀n Delbert.

"Delbert, ayédèrú lo gbé fún màmá yẹn."

"Ẹja ni mo gbé fún un. Ó fẹ́ aláwọ̀ méjì, ó gba aláwọ̀ méjì."

"Àwọn méjì tó wà níbẹ̀ ti darúgbó."

"Harlan náà ti darúgbó. Ṣó mọ ìyàtọ̀ ni?" Ó ki ẹja bọnú ọbẹ̀ funfun, ó jù ú sẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín. Mo rí ẹran ẹja tó ti rún lórí ahọ́n rẹ̀. "Jẹun, jàre. Ara rẹ fẹ́lẹ́ jù, bí ẹ̀wù àlòkù."

Mo yí ojú kúrò. Ṣùgbọ́n mo jẹ tèmi tán. Òun ló san owó.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ìyá Hesselink padà wá. Inú ọ̀rá tó gbé lọ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí, akọ onílà yẹn ló wà níbẹ̀, ìrù rẹ̀ ti ya bí àkísà, ojú rẹ̀ kan ti funfun.

"Ó di ọjọ́ kejì tí a ò ti rí abo rẹ̀ mọ́," ó wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Láàárọ̀ àná, Harlan wá, ó wo omi, ó padà sórí ibùsùn. Lónìí kò dìde. Wọ́n fà á, kò dìde. Delbert, ṣé ọmọọba ni ẹja tí o tà fún mi?"

"Ọmọọba ni, Ardith. Ẹ ò bọ́ ọ yó ni. Ebi a máa ya ẹja níwà."

"Irọ́ ni," ni mo wí. "Kì í ṣe ọmọọba. Ó ti pa tàwọn mìíràn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí ẹ gbé e jáde."

Ìyá yíjú sí mi. "Ìwọ lo ṣílẹ̀kùn fún mi."

"Èmi ni, Màmá."

"Ó dáa. Wá yọ ọ́ kúrò."

Mo fi akọ yẹn sínú omi tó dá wà, mo mú garawa àti àwọ̀n, mo bá a lọ sí ilé ìtọ́jú. Ẹja kì í ṣeé mú láàárín òkúta. Mo kọ́kọ́ gé ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, mo yí ọrùn rẹ̀ sínú, mo fi edé sí i. Ẹja náà wá síwájú ike, ó wò ó, ó padà sínú ihò. Kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí n kó gbogbo òkúta jáde lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iyùn tí Harlan ti fi ọdún mẹ́rìnlá tọ́ sí wọn lára.

Nígbà tí mo ṣí èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, yanrìn dúdú rú sókè, òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ sì gba gbogbo pálọ̀. Àwọn arúgbó tó ń ta káàdì dìde. Ọ̀kan nínú wọn ń bú mi lọ títí ó fi wọ yàrá rẹ̀. Ibẹ̀ ni abo yẹn wà. Awọ rẹ̀ ti ń bó, ekòló onírun ti wọ inú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n ń jáde lójú rẹ̀. Mo fi ọwọ́ gbé e. Ó yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Mo sáré dé ibi ìfọwọ́ kí n tó bì.

Mo mú ayédèrú nígbà tí kò sí òkúta tí yóò sá sí mọ́. Ó mọ́, ó ń dán. Kò sí ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀.

Delbert ní kí n gbé e padà wá, ẹnì kan láti Fond du Lac ń béèrè irú rẹ̀. Mo ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ilé mi ni mo gbé e lọ, mo fi í sínú àpótí tirẹ̀, òun nìkan, mo sì bọ́ ọ ní ọdún mẹ́fà gbáko láìfẹ́ràn àtiwò ó. Kí oṣù yẹn tó parí, mo ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀.

Mo tún omi Harlan ṣe. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìrù akọ yẹn ti ń hù padà, mo gbé e padà sí ilé rẹ̀. Harlan kò tíì dìde láti ọjọ́ yẹn. Ìyá wọlé lọ sọ fún un. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ irin ìtìlẹ́yìn rẹ̀ lórí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń kan ilẹ̀, ó ń dúró, ó ń kan ilẹ̀. Ó ti rù. Ó jókòó, ó wo omi. Ó na ìka kan sókè, ó wá na méjì, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

Ìyá ní, "Bi Merle."

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé. Mo ní, "Èkejì ti kú, Harlan. Ẹja tó pa á, mo rí i kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Mo mọ ohun tó jẹ́. Mo dákẹ́."

Ó gbọ́. Gbogbo ẹni tó sọ pé kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́, irọ́ ni wọ́n pa. Ó wò mí bí mo ṣe wo yanrìn dúdú yẹn, ó sì fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn kúrò nítòsí mi.

Ó padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ó rìn títí ó fi kú, ó sì tó ọdún mẹ́rin sí i. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń lọ pààrọ̀ omi rẹ̀ láìgba nǹkan kan. Bí ó bá dé tó bá mi níbẹ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, lórí ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n yẹn, á kọjú sí ògiri, títí n ó fi kó garawa mi jáde.