Àwọn Ìbejì Abẹ́ Pikọ́ọ̀pù Mi

Ẹ sún mọ́bí, kí n rọ́ àlá tí mo lá mọ́jú òní fún yín kó tó fò lọ lórí mi. Ẹni tó bá máa rẹ́rìn-ín, kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ tán.

Ẹ ṣáà mọ pikọ́ọ̀pù mi. Ẹ sì mọ òkè alámọ̀ tó wọ abà Ìdí-Ìyeyè, níbi tí ìyá mi ń dá gbé látìgbà tí bàbá wa ti kú. Bí òjò bá ti rọ̀, taya ẹ̀yìn kan á máa yí lásán, ìkejì á dúró gbagidi. Lọ́dún tó kọjá, gbogbo abà ló bá mi tì í, ẹrẹ̀ sì ta bo ìyá mi láti gèlè dé ìró. Ó ní, “Àkàngbé, mi ò ní wọ ọkọ̀ táwọn èèyàn ń tì mọ́ láyé mi.” Bẹ́ẹ̀ odò ti ń kún báyìí. Bó bá fi lè bo afárá pákó tó wọ abà yẹn, ìyá mi á há sọ́hùn-ún pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ títí òjò á fi lọ. Ẹ̀rù ìyẹn ń bà mí gan-an, mo sì fẹ́ tètè lọ gbé e wá sílé wa.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ra dífárẹ́ńṣà tuntun, ìyẹn irin tó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún wọn. Ti tẹ́lẹ̀ ń kó gbogbo agbára fún ẹsẹ̀ tó ń yọ̀. Tuntun yìí kì í gbà bẹ́ẹ̀, ṣe ló máa ń so wọ́n pọ̀. Ó wà nínú páálí ní pálọ̀, òní yìí gan-an ni Mùtíù mẹkáníìkì fẹ́ bá mi dè é. Ṣùgbọ́n ojú oorun ni mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mo wà lábẹ́ ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Mùtíù. Mo tú bóòtù ìsàlẹ̀ kí ọ́ìlì àtijọ́ lè dà. Ó dà, ó dà, ó di odò, ẹja sì ń kọjá nínú ẹ̀. Mùtíù dúró sínú ẹ̀ dé orúnkún. Ó ní, “Má wò ó, ọ́ìlì àtijọ́ ni.” Mo ní ó dáa, mo bá iṣẹ́ mi lọ.

Bí mo ṣe fẹ́ yọ taya òsì, ó kí mi. “Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni Táyé.”

Mo kí òun náà. Mo yíjú sí ti ọ̀tún, kò fọhùn.

Táyé ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi Kẹ́yìndé nìyẹn. Kì í tètè sọ̀rọ̀.”

Gbogbo ẹ̀ wá yé mi. Kẹ́yìndé ló máa ń rán Táyé jáde kó lọ tọ́ ayé wò. Bí a bá ti dé inú ẹrẹ̀, á ní kí àbúrò òun lọ tọ́ ọ wò, òun á dúró de ìròyìn. Mo bi Táyé léèrè pé báwo ni ẹrẹ̀ náà ṣe rí lẹ́nu.

“Ó dùn,” ó ní. “Mi ò tíì tọ́ ọ yó ni.”

Dífárẹ́ńṣà tuntun wúkọ́ nínú páálí. Ó ní òun ò lè so ọmọ ọlọ́mọ pọ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ Ọ́fíìsì Tó Ń Bójú Tó Yíyọ̀. Mo wòkè, mo rí ọ́fíìsì náà tó léfòó lókè igi obì. Mo gbé irin náà rù, ó wúwo bí òkú màlúù, mo dúró lórí jáákì, Mùtíù sì ń fa jáákì sókè títí mo fi dé ojú fèrèsé.

Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́wálé. Tábìlì rẹ̀ ń yọ̀ láti ògiri kan dé ìkejì, òun náà ń yọ̀ tẹ̀ lé e.

“Ta ló ní kó o má yọ̀?” ó bi mí. “Gbogbo wa níbí là ń yọ̀.”

Mo ní, “Ìyá mi ni, sà. Mi ò sì ní kúrò níbí láìgba àṣẹ.”

Ìwo méjì yọ lábẹ́ fìlà rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi. Kó tó yọ̀ dé ògiri kejì, ó ti di òbúkọ pátápátá, àmọ́ awò ojú rẹ̀ ṣì wà lójú. Ó ní kí n mú gásíkẹ́ẹ̀tì wá kí òun yẹ̀ ẹ́ wò, ìyẹn pépà líle tó ń dí ojú irin kí ọ́ìlì má jò. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó jẹ ẹ́.

“Ó dáa,” ó ní. “A ti fọwọ́ sí i.”

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo fa páálí ya, mo tẹ́ ẹ lé ẹnu irin, mo fi òòlù gbá etí rẹ̀ yípo díẹ̀díẹ̀ bí àwa ṣe máa ń ṣe, títí gásíkẹ́ẹ̀tì mìíràn fi jáde. Òbúkọ tún ń wo ìyẹn. Mo fi há abíyá, mo sọ̀ kalẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ti di ẹsẹ̀ òkè alámọ̀, òjò sì ń rọ̀ láti ilẹ̀ lọ sókè. Mo de irin náà, mo da ọ́ìlì tuntun sí i. Mo wẹ Táyé, mo fún un ní nọ́ọ̀tì tuntun tí wọ́n fi ń de taya, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó kí mi. Mo wọnú ọkọ̀, mo tẹ iná. Ọkọ̀ ń yípo lójú kan.

Irin tuntun bá sọ̀rọ̀ láti abẹ́. “Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe ìbejì nílé yín nìyí? Ẹ fún ọ̀kan, ẹ ò fún ìkejì?”

Ojú tì mí. Mo bọ́ sílẹ̀, mo wẹ Kẹ́yìndé, mo fún un ní irú nọ́ọ̀tì kan náà, mo fi orúkọ kí i.

Ó la ẹnu. “Táyé, ṣé ẹrẹ̀ yẹn dùn lóòótọ́?”

“Ẹ wá tọ́ ọ wò fúnra yín.”

Ni wọ́n bá jọ wọnú ẹrẹ̀, ni a bá gun òkè. Ìyá mi jókòó sókè níbẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀gúsí.

“Ta ló tì ọ́?”

“Kò sẹ́nì kan, mà.”

Ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ó rí òbúkọ tó jókòó síbi ẹrù pẹ̀lú awò ojú. “Ìwọ ńkọ́?”

Òbúkọ ní, “Mi ò tì í, mà. Ọ́fíìsì wa kì í ti nǹkan kan.”

Ìyá mi tún ìró ró, ó gbé ẹsẹ̀ kan kó fi wọ ọkọ̀. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi, ibẹ̀ ni mo ti jí.

Mórẹ́nikẹ́ ìyàwó mi ti sún lọ sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, “Ẹsẹ̀ òsì yín ò jẹ́ kí n sùn, ó ń ta mí nípàá ṣáá.” Mo fẹ́ dìde, ti ọ̀tún ò gbé, ó ti kú pátápátá. Fóònù dún. Ìyá mi ni.

“Àkàngbé, ṣé o ti dìde? Mo ti di ẹrù mi, kí n tún wọ ọkọ̀ rẹ wò lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Mo ní, “Mo ti jí, mà. Ẹsẹ̀ kan ló kú, kò tíì jí.”

“Dúró dè é,” ó ní. “Kí méjèèjì jọ máa bọ̀.”