Oògùn Ìkúnlẹ̀

"Ẹ̀ ń dà á nù, Ìyá," ni dókítà ń sọ. Ó fi ìka kan ìgò ìtọ̀ tó wà lórí tábìlì. "Ìtọ̀ kì í parọ́."

Adéfọlákẹ́, ìyàwó mi, wo ìgò náà. Ó wò mí. Mo wo ilẹ̀.

"Kí ni mò ń dà nù?"

Arielle, ọmọbìnrin tó ń ṣe ògbufọ̀ níbẹ̀, yí i sí Faransé. Dókítà Médard gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Ọmọ Porto-Novo ni bàbá rẹ̀. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ẹ̀jẹ̀ àti iṣan, Faransé ló máa ń sá lọ bá.

"Ìyẹ̀fun yẹn. Oògùn ọkàn. Ẹ ní ẹ̀ ń mu ún láràárọ̀. Ìtọ̀ yín ní ẹ ò mu ún."

"Mò ń mu ún."

"Ìṣojú mi ló ti ń mu ún," ni mo sọ.

Dókítà yíjú sí mi. "Tonton, ẹ máa ṣọ́ wọn dáadáa."

Ọdún 2004 ni. Nígbà ọyẹ́ tó ṣáájú, Adéfọlákẹ́ ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní Yopougon, àdúgbò tí à ń gbé, nígbà tí àyà dì í mú. Òógùn bò ó. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kú. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú iṣan tó ń bọ́ ọkàn. Wọ́n ní bó bá tún dì, ó lè má dìde mọ́. Ìyẹn yé mi. Ohun tó tẹ̀ lé e ni kò yé mi.

Dókítà Médard ń ṣèwádìí lórí ohun kan tí orúkọ rẹ̀ gùn ju ọ̀nà Bouaké lọ: pirositagilándìn. Ó ní ara wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, oríṣiríṣi ni. Òmíràn ń mú kí ibi tó bá ń dunni gbóná kó sì wú. Àwọn ìbátan rẹ̀ kan ń sọ fún ẹ̀jẹ̀ pé kó dì, àwọn mìíràn ní kó máa ṣàn. Ìyẹ̀fun náà ló ń pa àwọn tó ní kó dì lẹ́nu mọ́. Bí ó bá ṣiṣẹ́, yóò hàn nínú ìtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó lè rí i kò sí lọ́dọ̀ wọn. Bàálù ló ń gbé ìtọ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé.

"Ìtọ̀ mi ti wọ bàálù," ni Adéfọlákẹ́ ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. "Èmi ò tíì wọ̀ ọ́ rí."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Arielle sọ fún un pé iná ń jó nínú iṣan rẹ̀.

"Iná? Ta ló dá a?"

"Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀, Tantie. Inflammation."

Lẹ́yìn náà ló wá bi í bóyá ó ń lo oògùn mìíràn.

"Rárá o. Àfi oògùn ìkúnlẹ̀."

Arielle bú sẹ́rìn-ín. Ó sọ nǹkan fún dókítà. Dókítà náà rẹ́rìn-ín. Wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀. N kò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. N kò béèrè.

Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ṣe ìyẹ̀fun náà fún. Ó wà lára páálí rẹ̀. Dókítà ní bí ó ṣe kéré yẹn ló ṣe dára fún ọkàn àgbà. "Ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí mi ni?" ni Adéfọlákẹ́ wí. Ṣùgbọ́n ó ń mu ún.

Mo ń ṣọ́ ọ bí dókítà ṣe wí. Èmi ni mò ń ya bébà rẹ̀, èmi ni mò ń dà á sómi. Bó bá mu ún tán, á la ẹnu sílẹ̀ fún mi.

"Ṣé kí n gbé ahọ́n sókè náà, ọ̀gá ṣọ́jà?"

Ìtọ̀ kejì lọ. Èsì rẹ̀ dé. Bákan náà ni. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń múra àtidì bí ẹni tí kò mu nǹkan kan.

Nígbà yìí, dókítà kò bá a wí mọ́. Ó ń fọwọ́ ra iwájú orí. Ó ní kò yé òun. Mo rò ó pé bí kò bá yé òun tó kàwé rẹ̀, ta ni yóò yé? Adéfọlákẹ́ jókòó tì mí nínú gbàkà, ọkọ̀ èrò tó gbé wa délé. Ọwọ́ rẹ̀ wà láyà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, dókítà àti Arielle wá sílé wa kí oòrùn tó yọ. Ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i.

Ó rí i. Adéfọlákẹ́ jáde nínú yàrá. Ó tú kókó etí ìró rẹ̀, ó mú hóró oògùn pupa kan, ó fi omi gbé e mì. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ títí ìrora orúnkún rẹ̀ fi rọ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà Sùwéébátù, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí a jọ ń gbé àgbàlá náà. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, orúnkún méjèèjì.

"Ẹ káàárọ̀ o, ọkọ mi."

"Káàárọ̀, ìyàwó mi. Dìde."

Ó wá sọ́dọ̀ mi láti gba ìyẹ̀fun rẹ̀.

"Kí lẹ kọ́kọ́ mu yẹn?" ni dókítà béèrè.

"Oògùn ìkúnlẹ̀ ni. Mo sọ fún yín lọ́jọ́ sí."

Arielle fọwọ́ bo ẹnu. "Bí ìyá ìyá mi bá sọ pé ìkúnlẹ̀, ọmọ bíbí ni wọ́n ń sọ."

"Ìkúnlẹ̀ abiyamọ," ni mo wí.

"Ẹ̀hẹ́n. Mo rò pé Tantie ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

Adéfọlákẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di férémù ilẹ̀kùn mú. "Ọmọ bíbí! Pẹ̀lú ewú orí mi! Abájọ tí wọ́n fi fún mi ní oògùn ọmọ ọwọ́!"

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ hóró náà. Ìbúpúrófẹ́ènì. Ó ní ilẹ̀kùn kan náà ni hóró yìí àti ìyẹ̀fun ń lọ bá. Ìyẹ̀fun ń wọlé, á ti ilẹ̀kùn pa, kò ní ṣí mọ́. Hóró orúnkún kì í tì í. Yóò kàn gbé àga síbẹ̀, yóò jókòó. Bí ìyẹ̀fun bá dé, kò ní ráàyè kọjá, yóò bá ìtọ̀ lọ. Nígbà tó bá yá, ẹni orí àga á dìde, á lọ. Ilẹ̀kùn á ṣí gbayawu.

"Ṣebí àwọn méjèèjì ló ń pa iná?" ni mo béèrè.

"Àwọn méjèèjì ni."

"Báwo ni apaná ṣe ń dí apaná lọ́nà?"

"Bó ṣe rí nìyẹn, Tonton."

Kò yé mi. Títí di òní, kò yé mi.

Dókítà ní kó fi hóró náà sílẹ̀, nítorí hóró ọ̀hún fúnra rẹ̀ kò dára fún ọkàn. Bí kò bá lè fi í sílẹ̀ pátápátá, kó kọ́kọ́ mu ìyẹ̀fun, kó sì dúró kí oòrùn ga kó tó mu hóró.

"Ta ni yóò wá kí ọkọ mi láàárọ̀?"

"Ẹ kí wọn ní ìdúró."

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fọ ẹsẹ̀ mi wọlé yìí, n ò kí wọn ní ìdúró rí. Ṣé ọjọ́ alẹ́ mi ni n óò wá ya aláìlẹ́kọ̀ọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti inú yàrá. "Màmúdù, ta ló ní kó kúnlẹ̀? Ojoojúmọ́ ni mò ń ní kó dìde."

"Ẹ ò sọ pé kí n má kúnlẹ̀ rí," ni Adéfọlákẹ́ dáhùn.

"Bí mo bá sọ ọ́, ṣé o ò ní sọ pé mò ń bá ọ jà?"

"Mà á sọ bẹ́ẹ̀ o."

Dókítà wò mí. Èmi náà wò ó.

Lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n mi kò ṣí. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi máa ń jí kí wọ́n tó pe ìrun. Adéfọlákẹ́ mu ìyẹ̀fun rẹ̀, ó lọ kan ilẹ̀kùn.

"Mò ń sùn," ni ẹ̀gbọ́n mi sọ. Ohùn wọn já gaara.

"Ẹ̀gbọ́n ń sùn," ló wá sọ fún mi.

À ń gbọ́ tẹ̀sùbáà wọn tó ń ró nínú yàrá. Ìgbà tí oòrùn dé orí páànù ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Adéfọlákẹ́ ti mu hóró rẹ̀ nígbà yẹn, ó lọ kúnlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láràárọ̀. Kò sẹ́ni tó dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá, a gba ìtọ̀ tuntun. Èyí ni yóò sọ bóyá ilẹ̀kùn ti tì. Kí wọ́n tó wá gbé e, ìlú dàrú. Ìbọn ń dún. Bàálù kò gbéra mọ́.

Dókítà pè wá lórí fóònù. "Ẹ gbé e sínú yìnyín. Èmi fúnra mi á wá gbé e."

Kò wá. Arielle ní wọ́n ti ti ibi ìwádìí pa, dókítà sì ti kọjá sí Cotonou.

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ báyìí?" ni Adéfọlákẹ́ bi mí. Ife wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"N ò mọ̀."

Ó mu ún.

Fíríìjì títúnṣe ni iṣẹ́ mi. Tilé mi kì í kú. Ìgò ìtọ̀ náà ṣì wà nínú yìnyín rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja.