Orúnkún Ọ̀rẹ́ Mi

Ẹni tó bá fẹ́ parọ́ fún mi, kó má gbé bàtà rẹ̀ wá fún mi tún ṣe. Iṣẹ́ bàtà ni mo ti ń ṣe láti ìgbà tí mo ti lè di abẹ́rẹ́ mú. Tí mo bá yí bàtà dojú dé, mo lè sọ fún ọ bóyá ẹni tó ni ín máa ń sáré ni, tàbí ó ń wọ́ ẹsẹ̀, tàbí ńṣe ló máa ń jókòó sójú kan láti àárọ̀ dalẹ́. Ọ̀rẹ́ mi onígbàjámọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi, mọ èyí dáadáa. Síbẹ̀, ó gbé bàtà rẹ̀ wá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí kẹ̀kẹ́.

Mo ní kẹ̀kẹ́ ológeere dúdú kan. Èmi fúnra mi ni mo fi awọ rán ìjókòó rẹ̀, mo sì rán an ní ìlà méjì bí mo ṣe máa ń rán bàtà ìyàwó ojú ọ̀nà. Ní ìrọ̀lẹ́, tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, màá gùn ún lọ sórí òkè níbi tí táńkì omi wà. Tí mo bá débẹ̀, màá yí i padà, màá jẹ́ kó máa yí bọ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀, atẹ́gùn á máa fẹ́ mi láyà, àwọn ọmọ àdúgbò á máa pariwo, "Bàbá Ológeere! Bàbá Ológeere!" Èmi náà á tẹ aago fún wọn. Gbogbo ohun tó bá ti sú mi lọ́sàn-án, orí òkè yẹn ni mo máa ń dà á nù sí.

Ojú ọ̀nà òkè yẹn náà ni mo ṣubú sí. Òòyì kọ́ mi, ojú mi ṣú. Ìgbà tí mo máa lajú, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà, ìyàwó mi ń sunkún lápá kan, onígbàjámọ̀ dúró lápá kejì. Wọ́n ní ọkàn mi ti ń lù bó ṣe wù ú, pé nígbà míì ńṣe ló máa ń dákẹ́ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Wọ́n la àyà mi lápá òsì, wọ́n ki ẹ̀rọ kékeré kan sábẹ́ awọ níbẹ̀, kó máa rán ọkàn létí iṣẹ́ rẹ̀. Pesimékà ni wọ́n ń pè é. Oògùn oorun ṣì wà lójú mi nígbà tí dókítà ń ṣàlàyé. Etí ìyàwó mi àti etí ọ̀rẹ́ mi ni àlàyé náà wọ̀.

Nígbà tí a délé, ìyàwó mi jíṣẹ́ dókítà fún mi. Kí n má gbé apá òsì kọjá èjìká títí ojú ọgbẹ́ á fi jinná. Kí n má gbé ẹrù tó wúwo.

"Ti kẹ̀kẹ́ yẹn náà, wọ́n ní ó parí. Títí ayé."

"Títí ayé kẹ̀?"

"Bí wọ́n ṣe wí nìyẹn, Bàbá wọn. Mo ti fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi, kí ojú yín má bàa máa rí i."

Mi ò jiyàn. Ta ni màá bá jiyàn, dókítà tó gbà mí lọ́wọ́ ikú? Mo kàn yíjú sí ògiri.

Onígbàjámọ̀ ló fà mí dìde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, o ò ní jókòó síbí kí o máa wú bí ìrọ̀rí. Dìde, ká lọ rìn."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń wá. A ó rìn dé oríta, a ó sì padà. Tí mo bá fẹ́ mú ẹsẹ̀ yá díẹ̀, á di orúnkún mú.

"Rọra, jàre! Orúnkún tèmi ti daṣẹ́ sílẹ̀."

Tí mo bá ní ká gun òkè táńkì wò: "Òkè wo? Ṣé bárò lo fẹ́ kí wọ́n fi gbé mi wálé ni?"

Màá rẹ́rìn-ín, màá dẹsẹ̀ dúró dè é. Mo tiẹ̀ gé awọ rírọ̀ sínú bàtà rẹ̀, kí ilẹ̀ má bàa máa gbo orúnkún ọ̀hún. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ọkùnrin yìí ti kọjá ọ̀rẹ́, pé ọmọ ìyá mi ni. Ó ń ká aṣọ lọ́wọ́. Kò wo ojú mi.

Ìgbà tó yá ni bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn dé. Okùn rẹ̀ já lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rẹ́ mi jù ú sórí tábìlì, ó sì sáré padà lọ bá oníbàárà. Mo yí i dojú dé. Ẹni tó bá ń rìn, gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ ló máa ń jẹ. Gìgísẹ̀ ti èyí ṣì le koko. Àárín àtẹ́lẹ̀ ló jẹ, ojú ibì kan gbọọrọ tó là á kọjá, lọ́tùn-ún àti lósì, bí ẹni pé wọ́n fi ayùn rẹ́ ẹ. Nǹkan dúdú kan sì wà létí tọ̀tún lápá inú. Mo fi imú kàn án. Gíríìsì ṣéènì kẹ̀kẹ́ ni. Irú ojú yẹn ló wà lábẹ́ gbogbo bàtà tèmi fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nírọ̀lẹ́, bí a ṣe ń rìn, mo ní, "Ìwọ, o ti ń gun kẹ̀kẹ́ ni?"

Ó wúkọ́. "Kẹ̀kẹ́? Pẹ̀lú orúnkún yìí?" Ó fọwọ́ pa ti òsì. Tọ̀tún ló ń dùn ún lánàá.

Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o: inú mi tiẹ̀ dùn. Mo rò pé ó ra kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ni, pé àánú mi ló ń ṣe é tó fi ń fi pa mọ́. Mo rán bàtà náà dáadáa, mo tún kùn ún.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yẹ ẹ̀rọ mi wò, ìyàwó mi, tí kì í jẹ́ kí n dá lọ, kò ráyè kúrò níbi iṣẹ́. Èmi nìkan lọ. Nọ́ọ̀sì gbé nǹkan kan lé mi láyà, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà.

"Bàbá, ara yín le. Kẹ̀kẹ́ yín ńkọ́? Ṣé ẹ ti padà sórí rẹ̀?"

"Kẹ̀kẹ́ tí ẹ ní kí n má gùn mọ́ títí ayé?"

Ó yíjú sí mi. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìṣojú mi ni dókítà ti sọ ọ́. Ó ní tí ọgbẹ́ bá ti jinná, kí ẹ padà sórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyàwó yín wà níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan náà wà níbẹ̀ tó ń bi wá léèrè nípa òkè kan."

Ó rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí, ó wá rọra ṣàlàyé. Ó ní tí ènìyàn bá ń rìn, ara á máa mì, ẹ̀rọ á mọ̀, á mú ọkàn yára. Lórí kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, àyà dúró jẹ́ẹ́, nítorí náà ẹ̀rọ lè má tètè mọ̀. "Ibi tó tẹ́jú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tí èémí bá ń já yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ sọ fún wa, a ó tún un tò."

Mi ò gba ilé lọ. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni mo gbà lọ, àtẹ́lẹ̀ bàtà yẹn ń bẹ lọ́kàn mi. Ó ń fá orí fún ẹnì kan. Mi ò kí i. Mo gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Kẹ̀kẹ́ mi fara ti ògiri. Mo fọwọ́ pa ìjókòó rẹ̀, mo fìka tọ ìlà méjèèjì tí mo rán.

"Ìyàwó rẹ ló bẹ̀ mí," ó sọ lẹ́yìn mi. Abẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó kúnlẹ̀ fún mi. Kí n kàn bá a tọ́jú rẹ̀ ni."

"Tí o wá ń gùn ún?"

"Kí táyà má bàa bàjẹ́ ni."

"Dé ibo?"

Ó fi aṣọ nu abẹ.

"Mo ní dé ibo?"

"Dé táńkì. Láàárọ̀."

Ọkùnrin orí àbọ̀ tó wà lórí àga ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, orí mi." Mo gbé kẹ̀kẹ́ mi, mo tì í jáde.

Ìyàwó mi ti dé sílé. Bó ṣe rí ohun tí mo ń tì bọ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ rí ara yín nílẹ̀ lọ́jọ́ náà," ó ní. "Èmi ni mo rí yín. Ẹnu yín ti funfun."

"O ò ṣe sọ fún mi pé ẹ̀rù ń bà ọ́?"

"Ṣé ẹ máa gbọ́?"

Mi ò mọ̀ bóyá ǹ bá gbọ́. Wọn ò fún mi láyè kí n mọ̀. Wọ́n jọ jókòó, wọ́n pín ayé mi láàárín ara wọn, wọ́n wá fi rìn díẹ̀ rìn díẹ̀ tù mí nínú bí ọmọ tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, onígbàjámọ̀ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe máa ń dúró. Bàtà tí mo kùn ló wọ̀. "Ṣé ká lọ?"

Mo gun kẹ̀kẹ́ kọjá lára rẹ̀.

Ibi tó tẹ́jú dùn. Aago ṣì ń dún. Nígbà tí mo dé ìdí òkè, ó yẹ kí n yí padà, nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi. Mi ò yí padà. Mi ò tíì gùn ún jìnnà tí èémí fi já mi, itan mi wúwo, ẹ̀rọ inú àyà ò sì mọ̀ pé mò ń ṣe nǹkan kan. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fara ti ọwọ́ kẹ̀kẹ́, mò ń dúró de ẹ̀rọ náà.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi ni, ó ń sáré gun òkè bọ̀, orúnkún rẹ̀ ń lọ sókè sódò geere bíi ti ọ̀dọ́mọkùnrin.

"Ṣé kò sí nǹkan? Ṣé kò sí? Jókòó, jọ̀ọ́!"

Mo wo orúnkún náà, tọ̀tún, lẹ́yìn náà tòsì. Ó rí ibi tí mo ń wò. Ó rọra fọwọ́ bò ó.

Èémí mi padà. Mo yí orí kẹ̀kẹ́ sísàlẹ̀ òkè, mo gorí rẹ̀, mo sì fi onígbàjámọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.