Ọ́ńkù Wo?

Ìka Iredọlá há mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, kò sì fẹ́ tú u. Àwọn ọmọ yòókù ní Pírámárì Kẹta ti tò lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló kù nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó dì mọ́ igi bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ. Ọlátẹ́jú, tíṣà wọn, kọ́kọ́ fi ẹ̀rín bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó jágbe mọ́ ọn. Nígbà tí ìyẹn náà kò ṣiṣẹ́, ó kúnlẹ̀ tì í, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lórúnkún rẹ̀, ó sì bi í pé kí ló dé.

"Ba na so," ni ọmọ náà wí. Hausa ló yá a lẹ́nu jù, bíi ti gbogbo ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí àdúgbò Tukur-Tukur nílẹ̀ Hausa. Lẹ́yìn náà ló wá Yorùbá tí ìyá rẹ̀ fi ń bá a sọ̀rọ̀ nílé. "Mi ò fẹ́ lọ. Ọ́ńkù máa tún fọwọ́ kàn mí."

Ọlátẹ́jú ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí, láti ẹnu ọmọ mìíràn, nínú oṣù kẹfà ọdún yìí. Lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún kò béèrè nǹkan kan sí i. Lónìí, ẹnu rẹ̀ ṣíwájú ọgbọ́n orí rẹ̀.

"Ọ́ńkù wo?"

Iredọlá wò ó tìyanutìyanu. Ọ́ńkù mélòó ló wà ní yàrá kọ̀ǹpútà?

"Ọ́ńkù kọ̀ǹpútà," ó ní. "Ọ́ńkù Hosea."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé-ẹ̀kọ́ yẹn. Kò sí tíṣà níbẹ̀. Ọkùnrin tó bá ń kọ́ ọmọ níwèé, Ọ́ńkù ni, obìnrin, Àǹtí. Mádàámù Helen tó ni ilé-ẹ̀kọ́ ló fi ṣòfin, ó ní òun fẹ́ kí àwọn ọmọ máa rò pé ọ̀dọ̀ ẹbí làwọn wà. Ẹbí, ẹ gbọ́ o. Bí ẹ bá dúró lẹ́nu géètì láàárọ̀, ẹ ó máa gbọ́ Ọ́ńkù níwájú, Ọ́ńkù lẹ́yìn, ẹ ó sì rò pé ìdílé ńlá kan ló kóra jọ.

Ọmọ tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú oṣù kẹfà, Peculiar lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, elétí kékeré, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Àkókò ìsinmi ló wá, ó fa aṣọ Ọlátẹ́jú, ó sọ ọ́ sí i létí pé Ọ́ńkù ń fọwọ́ kan òun níbi tí kò dáa. Èèyàn rere ni Ọlátẹ́jú, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sunkún. Ó gbá ọmọ náà mọ́ra. Lẹ́yìn náà ló mú bírò, ó ṣí ìwé ńlá tí ilé-ẹ̀kọ́ ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí, ó sì kọ ọ́ pé: Ọmọ yìí ní ọ́ńkù rẹ̀ ń fọwọ́ kan òun.

Ọmọ náà kò sọ "rẹ̀". Ọlátẹ́jú ló fi "rẹ̀" kún un.

Kí ló dé tó fi kún un? Torí ó mọ̀ pé àbúrò bàbá Peculiar ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Kwangila ni. Dọ̀tun ni wọ́n ń pè é, ó wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, òun ló ń wá mú ọmọ náà nílé-ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́, tí yóò gbé e kọ́ èjìká bíi pé kò wúwo. Ojú Ọlátẹ́jú bá gba ilé lọ tààrà. Kò wo inú ọgbà. Àwọn tó gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀ náà kò wo inú ọgbà, wọ́n ní kí wọ́n má fi ìbéèrè da ọmọ náà láàmú mọ́, ojú rẹ̀ ti rí tó. Àánú ni wọ́n pe ìyẹn.

Bàbá Peculiar, Oyèníyì, kò bi Dọ̀tun ní ẹyọ ìbéèrè kan. Àgbà òṣìkà ni wọ́n ń pe a-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́. Tirẹ̀ tilẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹjọ́ ẹnìkan ọ̀hún gan-an kò gbọ́ ọ dé ìdí. Ó nà án, ó kó ẹrù rẹ̀ sójú títì, àwọn aládùúgbò ń wò. Wọ́n ní Dọ̀tun búra títí ohùn fi há. Ó fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó padà sílé. Ọ̀kadà ló ń gùn ní Kàbà báyìí, kò sì gbé fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n.

Ilé-ẹ̀kọ́ ńkọ́? Ìyìn ni wọ́n gbà ní tiwọn. Níbi ìpàdé àwọn òbí, Mádàámù Helen ní kí Ọlátẹ́jú dìde, ó ní Àǹtí tó ń fi ojú ìyá wo ọmọ ọlọ́mọ nìyí, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n sì fún un ní kúlà ńlá kan. Inú rẹ̀ dùn. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀, ó sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó sọ fún àwọn obìnrin ìjọ.

Èyí tó wá mú un jókòó bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Iredọlá lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè yìí kì í ṣe kúlà. Ó rántí pé nígbà tí Dọ̀tun lọ tán, kò sẹ́ni tí yóò máa mú Peculiar lọ sílé mọ́. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, Fẹ́yìsayọ̀, aago mẹ́rin ló ń kúrò níbi iṣẹ́. Ó wá bẹ ilé-ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n bá òun wá nǹkan ṣe sí i. Ọ́ńkù Hosea ló yọjú. Ó ní kí ló wà níbẹ̀, kí ọmọ náà máa dúró ti òun nínú yàrá kọ̀ǹpútà, òun ó máa kọ́ ọ ní lẹ́sìn ọ̀sán, òun ò gba kọ́bọ̀. Fẹ́yìsayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án, lójoojúmọ́ ayé, bí aago méjì bá ti ń lù, Ọlátẹ́jú fúnra rẹ̀ ló ń di ọwọ́ Peculiar mú, tó ń sìn ín dé ẹnu ilẹ̀kùn yẹn.

Ó dìde. Ó fa Iredọlá lé Fọlákẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké lọ́wọ́, ó ní kó má jẹ́ kí ọmọ náà kúrò níwájú rẹ̀. Ó lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà, ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ó ní kí gbogbo kíláàsì jáde sí pápá. Hosea rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kò sí wàhálà, Àǹtí Téjú, ẹ máa kó wọn lọ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ẹni tí gbogbo ọmọ ń sáré pàdé nítorí súwíìtì tó wà nínú àpò rẹ̀.

Aago kan ààbọ̀ ni Ọlátẹ́jú wọ ọ́fíìsì Mádàámù Helen. Opó ni obìnrin náà, ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí kó tó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó máa ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ aláìní láì sọ fẹ́nì kan. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dópin. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì. Kò béèrè bí Iredọlá ṣe wà.

"Ta lo ti sọ fún?" ó ní.

Ọlátẹ́jú ní òun ò tíì sọ fẹ́nì kankan. Mádàámù mí kanlẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àgbà ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí táàmù parí. Àwọn alábẹ̀wò ìjọba ń bọ̀. Àwọn òbí yóò kó ọmọ lọ, tíṣà mẹ́rìnlá yóò sì jókòó sílé wọn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òun ó pe Hosea lọ́jọ́ Fráìdeè, yóò kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun ó fún un ní lẹ́tà, yóò máa lọ ní àlàáfíà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọlátẹ́jú béèrè ohun tí yóò wà nínú lẹ́tà náà. Mádàámù ní ohun tó máa ń wà nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ náà ni: pé ó mọṣẹ́, pé àwọn kò rí àléébù kankan lọ́wọ́ rẹ̀.

Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni Hosea mú wá láti Kàdúná lọ́dún tó kọjá. Ọlátẹ́jú ló fi í sínú fáìlì. Ó rántí bí ìwé náà ṣe dán, tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí i nídìí, tí kò sí àléébù níbẹ̀.

Ó ní ọjọ́ Fráìdeè ti jìnnà jù, mà, aago méjì òní ni Peculiar ń lọ. Ó ní Dọ̀tun ńkọ́. Mádàámù Helen fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó gbé ìwé ńlá yẹn jáde, ó ṣí i síbi tó ti mọ̀, ó sì yí i kọjú sí i.

"Ọwọ́ ta nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni, mà."

"Ìwọ lo kọ 'ọ́ńkù rẹ̀'. Kì í ṣe èmi, kì í ṣe Hosea. Tí ọlọ́pàá bá dé, ìwọ ni wọ́n á kọ́kọ́ bi bí ọmọ ọlọ́mọ ṣe fi yunifásítì sílẹ̀. Lọ jókòó, Téjú. Ìwọ gan-an ni mò ń dáàbò bò."

Ọlátẹ́jú jáde, ó fara ti ògiri kọ́rídọ̀. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù tòótọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ń kàwé níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó sì rò ó, kí n má parọ́ fún yín, ó rò ó dáadáa: bí Hosea bá lọ lọ́jọ́ Fráìdeè, Iredọlá bọ́, Peculiar bọ́, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé òun ṣì í kọ. Dọ̀tun ti wà ní Kàbà ná. Ọ̀kadà náà, iṣẹ́ ni. Èrò náà dùn mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀.

Ìgboyà kọ́ ló yọ ọ́ nínú rẹ̀. Agogo ìparí ló dún, ó sì rí Peculiar tó ń bọ̀ láti kíláàsì rẹ̀ tuntun, Pírámárì Kẹrin. Ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ó ń lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ẹnì kankan kò fà á. Kò sunkún, kò wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ó kàn ń lọ bí ẹni tí wọ́n rán lọ pọnmi. Ọlátẹ́jú gbìyànjú láti rántí ìgbà tó gbọ́ ohùn ọmọ yìí gbẹ̀yìn, kò rántí. Iredọlá tilẹ̀ rí tábìlì dì mú.

Ó bá a lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á jáde ní géètì. Abẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lódìkejì títì ló dúró sí, tó pe Fẹ́yìsayọ̀, tó ní kó sáré máa bọ̀, ara ọmọ rẹ̀ dá, àmọ́ kó máa bọ̀. Ó pe ìyá Iredọlá náà.

Fẹ́yìsayọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lára. Kó tó sọ̀rọ̀, Ọlátẹ́jú ti kúnlẹ̀ sínú eruku, bẹ́ẹ̀ òun ló fi ọdún mẹ́fà jù ú lọ.

"Ìyá Peculiar, èmi ni mo ṣì í kọ," ó ní. "Kì í ṣe Dọ̀tun."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò yọ ohunkóhun sílẹ̀: Iredọlá, lẹ́tà Kàdúná, Fráìdeè, àti ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ó ní òun ó bá wọn dé ọsibítù, òun ó bá wọn dé tèṣọ́n, ohun tí òun sọ fún un yìí náà ni òun ó tún sọ níbẹ̀. Fẹ́yìsayọ̀ jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ó búra fún wa," ó ní. "Ó fi ìyá rẹ̀ tó kú búra."

Ó bi ọmọ náà pé kí ló máa ń pe Dọ̀tun nílé. Peculiar ní Bọ̀dá Dọ̀tun. Bọ̀dá ni, látìgbà tó ti mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ilé Yorùbá wo ni wọ́n ti ń pe àbúrò bàbá tó ń fọ abọ́ nílé ní Ọ́ńkù? Àwọn ọmọ Ọlátẹ́jú pàápàá, Bọ̀dá ni wọ́n ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀. Ó mọ̀. Ó ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́.

Fẹ́yìsayọ̀ fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ó bi í pé nígbà tí wọ́n ń mú un lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin náà lójoojúmọ́, kí ló dé tí kò tún sọ, kí ló dé tó dákẹ́.

Peculiar kò wo ìyá rẹ̀. Ọlátẹ́jú ló ń wò, láìsí ìbínú, bí ọmọ ṣe ń wo tíṣà tó béèrè ohun tí wọ́n ti jọ ṣe kọjá.

"Mo ti sọ fún Àǹtí," ó ní. "Lẹ́yìn náà Àǹtí ń mú mi lọ síbẹ̀. Mo rò pé wọ́n ní kí n máa lọ ni."

Ọlátẹ́jú ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń pè é ní àṣìṣe lọ́kàn ara rẹ̀, àṣìṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọmọ náà kò mọ̀ pé àṣìṣe ni. Ó béèrè ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ àgbà nínú oṣù kẹfà, ó sì gbà pé ìdáhùn tí wọ́n fún òun nìyẹn.