Ṣúgà Lọ́jọ́ Ààwẹ̀

Miss Pearline ṣubú láàárín orin. Kò ké, kò nawọ́ gbá ohunkóhun mú. Ó kàn wó lulẹ̀ bí aṣọ tó já lórí okùn, àwọn obìnrin ìjọ sì ti da aṣọ funfun bo ẹsẹ̀ rẹ̀ kí fìlà rẹ̀ tó ń yí nílẹ̀ tó dúró. Ìlù tanborín gbóná sí i. Ọjọ́ ààwẹ̀ ni, lórí òkè ilẹ̀ pupa kan ní Jàmáíkà. Kì í ṣe tuntun pé kí Ẹ̀mí gbé ènìyàn ṣubú níbẹ̀.

Davia nìkan ni kò pariwo. Ó jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì yòókù, àpò irinṣẹ́ rẹ̀ wà ní títì lórí itan. Ìjọ ló gbà wọ́n lálejò kí wọ́n lè kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ará ìlú ní àdúgbò wọn. Nọ́ọ̀sì Fairclough, olùkọ́ wọn, ti pàṣẹ: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ṣí àpò títí pásítọ̀ yóò fi fi wọ́n han ìjọ, tí a ó sì ya fọ́tò.

Kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, Miss Pearline ti rẹ́rìn-ín sí Davia pé òun ti fi omi díẹ̀ gbé oògùn ìtọ̀ ṣúgà òun mì. "Oògùn kì í ṣe oúnjẹ, ọmọ mi. Kì í ba ààwẹ̀ jẹ́." Davia mọ ohun tí oògùn yẹn ń ṣe nínú ikùn òfìfo: ó lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù. Ó lọ bá olùkọ́ rẹ̀.

"Àlejò ni wá," ni Nọ́ọ̀sì Fairclough wí, láì gbójú sókè. "Tí ìsìn bá parí."

Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Davia ríran, ó kàn padà lọ jókòó ni. Ìbínú tó wà nínú rẹ̀ báyìí kò gbóná. Ó tutù, ó mú, ó sì mọ ẹni méjì tó yẹ kó gé: olùkọ́ rẹ̀, àti òun fúnra rẹ̀.

Ó dìde.

Màmá Icilda, ìyá ìjọ, na apá dí i lọ́nà. "Padà síbi tó o ti wá. Ẹ̀mí ló ń bá a sọ̀rọ̀. Àbí Ẹ̀mí ní láti gbàṣẹ nílé ìwé yín ni?"

"Màmá, mi ò bá Ẹ̀mí jà. Ẹ ṣáà fọwọ́ kan ọrùn wọn."

Ìyá àgbà náà fojú wọ̀n ọ́n láti òkè délẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ọrùn Pearline. Òógùn ibẹ̀ tutù bí omi àmù.

"Beverley!" Igbe rẹ̀ borí orin. "Gbé ṣúgà wá láti ilé ìdáná! Sáré, àbí o fẹ́ kó dọ̀la?"

Pásítọ̀ Grindley dá orin dúró. "Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ máa kọrin lọ, Pásítọ̀. Ẹ jẹ́ ká ráyè."

Davia ṣí àpò. Ó gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti orí ìka Pearline. Nọ́ńbà tó yọ lójú ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kéré débi pé ẹ̀rù bà á. Ó yí obìnrin náà sí ẹ̀gbẹ́, ó fomi rin ṣúgà pupa tí Beverley gbé dé ní àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀, ó ń fi ìka pa á sí inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó má baà há a lọ́fun. Ẹnìkan kúnlẹ̀ sí òdìkejì, ó di ọrùn ọwọ́ Pearline mú láti mọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Nọ́ọ̀sì Fairclough ni. Davia ti pọ́n ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún un. Ó gbójú sókè láti sọ ọ́, ó sì rí i pé ètè olùkọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Mo gbọ́ ọ láàárọ̀," ni Nọ́ọ̀sì Fairclough wí, jẹ́ẹ́. "Tún fi kún un."

Davia tún fi kún un.

Ìpéǹpéjú Pearline mì. Ó la ojú. "Ta ló fi ṣúgà sí mi lẹ́nu? Ààwẹ̀ mi dà?"

"Ààwẹ̀ rẹ ti ń lọ sọ́run," ni Màmá Icilda dáhùn, omijé lójú rẹ̀, "ó kù díẹ̀ kó mú ọ dání. Jókòó jẹ́ẹ́, olóríkunkun."

Ẹ̀rín bú sílé. Wọ́n gbé ògì gbígbóná wá. Pearline mu ún, ó ń ráhùn pé mílíìkì rẹ̀ kò tó.

Màmá Icilda tún ìborí rẹ̀ wé. Ó kọjú sí ìjọ. "Ta ló tún lo oògùn ṣúgà láàárọ̀ yìí láì fẹnu kan oúnjẹ?"

Ọwọ́ kan lọ sókè nítòsí fèrèsé. Òmíràn tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà méjì láàárín àwọn akọrin. Lórí pẹpẹ, Pásítọ̀ Grindley wo Bíbélì rẹ̀ títí, kó tó gbé ọwọ́ tirẹ̀ náà sókè, kò ga ju èjìká lọ.

Davia ń wo àwọn ọwọ́ náà. Ó ti múra sílẹ̀ de ẹni tí yóò kọ̀ fún un. Wọn kò kọ̀. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè rí ni.

Beverley ti ń bu ògì sí ife. Ṣúgà díẹ̀ ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ òsì Davia, ó ń yọ́. Òun náà kò tíì jẹun láti àárọ̀, nítorí àlejò kì í jẹun níwájú aláàwẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sẹ́nu, ó lá a.