Aṣọ Mẹ́sàn-án Lórí Okùn

Èmi ni mo kọ́ àbúrò mi níṣẹ́ alágbàfọ̀, mi ò sì fi jẹ́jẹ́ kọ́ ọ. Ẹni tó bá fi omi gbígbóná fọ ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mi á gbọ́ tẹnu mi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Omi tútù ni ti ẹ̀jẹ̀, kíákíá, kó tó gbẹ. Láàárín ọdún méjì, ó ti mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Àwọn oníbàárà wá sọ ọ́ ní Ọwọ́ẹfun.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, mo jáde sẹ́yìnkùlé, mo bá aṣọ mẹ́sàn-án lórí okùn: aṣọ ìbùsùn mẹ́rin, aṣọ ìnura márùn-ún. Tiwa nílé ni gbogbo wọn. Òun fúnra ẹ̀ jókòó ti tábìlì tá a fi ń lọ aṣọ, ó gbé orí lé ògiri.

"Ọwọ́ẹfun, ta ló ní kó o da gbogbo aṣọ ilé sómi? Ṣé àlejò ń bọ̀ ni?"

"Wọ́n dọ̀tí ni, àǹtí."

Mo fa ọ̀kan wò lójú oòrùn. Ó funfun kinkin. Mo yìn ín. Mo ní ọwọ́ ẹ̀ dáa, mo ní bó ṣe yẹ kí aṣọ rí nìyẹn. Mo rí i pé ètè ẹ̀ ti ṣì, ó ní inú ló ń run òun, nǹkan oṣù ni. Mo ní kó mu omi gbígbóná, kó wá ká ṣẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ṣubú lé ṣẹ́ẹ̀tì lórí. Káfíńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló fi ọkọ̀ ẹ̀ gbé wa lọ sílé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan bi mí bí ẹ̀jẹ̀ tó dà lára ẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Mo ní díẹ̀ ni, nǹkan oṣù ni. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn, torí mi ò rí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan nínú ilé. Ó kọ "díẹ̀" sínú ìwé, ó ní ká dúró lórí bẹ́ǹṣì. A lò tó wákàtí kan níbẹ̀ kí aṣọ wọ̀nyẹn tó wá sí mi lọ́kàn. Mẹ́sàn-án.

Mo tẹ̀ sí i létí. "Kí lo ṣe?"

"Obìnrin tó ń ta oògùn lẹ́yìn ibùdókọ̀ ni. Irin ló lò. Ẹ má sọ fún wọn, àǹtí, wọ́n á ti àwa méjèèjì mọ́lé."

Kò purọ́, òfin wà. Mi ò ní tan ara mi jẹ, mo ro ti ẹ̀wọ̀n. Mo rò ó fún bí ìṣẹ́jú kan kí n tó dìde.

"Aṣọ mẹ́sàn-án ló fi ẹ̀jẹ̀ rin," mo sọ fún nọ́ọ̀sì. "Ó ti fọ̀ wọ́n kí n tó jí. Wọ́n ṣẹ́yún fún un ni."

Ó sáré wá. Nígbà tó wo ojú àbúrò mi dáadáa, ó yíjú sí mi.

"Mo mọ ọmọ yìí. Ó wá síbí lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó bẹ̀ wá. A ní òfin ò gbà wá láyè, a ní kó máa lọ sílé."

"Ilé náà ló lọ," mo dá a lóhùn.

Kí wọ́n tó rí ẹ̀jẹ̀ tó bá tiẹ̀ mu, ó ti kú. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.

Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́pàá méjì wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní àwọn ń wá ẹ̀rí. Mo mú wọn lọ sẹ́yìnkùlé. Wọ́n yí aṣọ náà síwá sẹ́yìn, wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n lọ. Èmi dúró. Mo yẹ etí aṣọ kọ̀ọ̀kan wò, mò ń wá àmì ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù lára àbúrò mi.

Ó ti fọ gbogbo ẹ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ.